Láàbù Tí Yóò Bi Àláàmù Wa Léèrè

Àrámọkọ, ọdún 1989

Ọjọ́ Ajé, 23 Jánúárì

Lẹ́tà tí à ń retí láti Àkúrẹ́ dé lónìí. Ìgbìmọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kọ ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, akọ̀wé wọn, ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí èmi àti Rájí mú àláàmù fíríìjì tí a ṣe lọ sí láàbù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń da ẹ̀rọ mìíràn láàmú tàbí ẹ̀rọ mìíràn ń da òun láàmú. Kí ìwé ẹ̀rí dé ọ̀dọ̀ wọn kí Máàṣì tó parí. Bí ìwé bá dára, wọn yóò ra ọgọ́ta.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Nọ́ọ̀sì Mary Ìbíyẹmí, ti disípẹ́ńsárì ọ̀nà Ìdó-Ilé, ṣì máa jókòó sílé. Wọ́n ní àláàmù dún, kò dìde.

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti kà á. Mo ká a, mo fi sínú báàgì, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fóò ní físíìsì. Ìmọ́lẹ̀ àti dígí ni a ṣe. Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Jánúárì

Mo mú lẹ́tà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rájí. Rédíò àti téèpù ló ń tún ṣe. Ìrágbìjí ni bàbá rẹ̀ ti wá tẹ̀dó síbí, ibí ni wọ́n sì bí òun sí, síbẹ̀ ará Ọ̀ṣun ni wọ́n ṣì ń pè é. Èmi ni mo ya àwòrán àláàmù náà, òun ló jó wáyà rẹ̀ pọ̀, tó sì kan àpótí rẹ̀. Mẹ́fà ni a ti ṣe, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà ní disípẹ́ńsárì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ọgọ́ta," ló wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọmọ mẹ́ta tó kú náà ṣì ni?"

Mo ní mẹ́ta ni.

Ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 25 Jánúárì

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n lè rí i lójú kan.

Ní Òkítóbà, iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kò dé títí di ọjọ́ Àìkú. Àláàmù wa wà lára fíríìjì oògùn. Bátìrì ló ń lò. Bí inú fíríìjì bá ti ń gbóná, ó yẹ kó dún nínú yàrá nọ́ọ̀sì lẹ́yìn disípẹ́ńsárì, kí nọ́ọ̀sì lè kó oògùn sínú àpótí yìnyín. Iná kò dé yàrá yẹn, wọ́n sì ti ti disípẹ́ńsárì kí iná tó lọ; kò sẹ́ni tó kó o. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, fíríìjì ti tutù padà, oògùn sì ti bàjẹ́, ojú lásán kò sì lè rí i. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló gba abẹ́rẹ́ èéyi nínú rẹ̀. Èéyi jà lẹ́yìn Kérésìmesì. Mẹ́ta kú nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́.

Ìgbìmọ̀ wá, wọ́n tẹ bọ́tìnì tí a fi ń dán àláàmù wò, ó dún. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò jẹ̀bi.

Mo tún ohun tí mo kọ yìí kà. Ó dà bí ìdáhùn ìdánwò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Jánúárì

Mo lọ bá Mary ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìdó-Ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo dé. Ó fẹ́ dìde gbé àga fún mi, mo ní kó jókòó, mo sì mú ọ̀bẹ kejì.

"Kò dún, mà," ló wí. N kò tíì béèrè.

"Mo gbọ́."

"Ó dún ní Ọ́gọ́ọ́sì nígbà tí iná lọ. Mo sáré dìde, mo kó oògùn sínú yìnyín, mo kọ ọ́ sínú ìwé wa. Ṣé màá gbọ́ ọ ní Ọ́gọ́ọ́sì kí n wá di adití ní Òkítóbà?"

Mo bi í pé kí ló yí padà láàrin oṣù méjèèjì. Ó ronú. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó bó ẹ̀gẹ́ méjì sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àfi àwọn tó ń ṣe títì. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n wá pàgọ́ sẹ́yìn wa. Wọ́n ri òpó rédíò tó ga ju igi máńgòrò lọ. Láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n á máa bá àwọn awakọ̀ wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ti kó lọ kí ọdún tó parí."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Láti inú fíríìjì dé àpótí àláàmù, wáyà wa gùn. Láti àpótí dé yàrá Mary, ó tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà tó gùn tí a kò bò, ẹ́ríà tó ń fa ìgbì rédíò mọ́ra ni. Èmi ni mo yà á bẹ́ẹ̀.

Kò dùn mí. Bí ẹni pé ẹnì kan ka nọ́ńbà kan fún mi ni. Mo bó ẹ̀gẹ́ tán, mo fọ ọwọ́, mo wọ mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 30 Jánúárì

Mo sọ ọ́ fún Rájí. Ó ní ìyẹn lè jẹ́, ó sì lè má jẹ́. Àgọ́ ti lọ, òpó ti lọ. Láàbù nìkan ló lè sọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Fẹ́búárì

Láàbù mẹ́ta ni mo rí orúkọ wọn. Ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní yunifásítì tí mo ti kàwé. Mo kọ lẹ́tà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè mẹ́fà kan náà ni mo bi wọ́n: kí ni ẹ lè wọ̀n, kí ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ ìwọ̀n yín wò kẹ́yìn, ìgbà wo ni ẹ lè gbà wá, ṣé ìgbìmọ̀ Àkúrẹ́ mọ òǹtẹ̀ yín, ṣé a lè dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Gáàrì ti tún wọ́n. Ìyá mi ní ká máa jẹ uṣu, iṣu ṣì kù nílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Fẹ́búárì

Ìbàdàn. Èmi àti Oyèlékè jọ kàwé ni, òun ló ni láàbù náà báyìí. Ibẹ̀ mọ́, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé ìgbìmọ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin péré ni, òun á fún mi ní ìwé.

"Kí lẹ máa wọ̀n?" ni mo bi í.

"Ariwo tó ń jáde lára rẹ̀. Bóyá ó ń ba rédíò aládùúgbò jẹ́. Nǹkan kékeré báyìí, bátìrì ló ń lò, kò lè ní ariwo kankan. Fọkàn balẹ̀."

"Ṣé o lè da ìgbì rédíò lù ú, ká wo ohun tó máa ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bọ́látitó, n kò ní ẹ̀rọ ìyẹn. Ìwọ náà, kí lo fẹ́ da ìgbì lù ú fún? Mú lẹ́tà wọn wá." Ó fi ìka tọ́ka sí i. "Wo ibí. 'Tàbí' ni wọ́n kọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó."

Òótọ́ ni. 'Tàbí' ni wọ́n kọ.

Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, ó béèrè ilé. Èèyàn dáadáa ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Fẹ́búárì

Èkó fèsì. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìlà tó wà nílẹ̀ sì dé Ọ́gọ́ọ́sì. Mo fagi lé orúkọ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Fẹ́búárì

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo gba Ìtawúrẹ́ àti Iléṣà lọ sí yunifásítì. Dókítà Francis Ọlájídé ló wà nídìí láàbù yẹn. Yàrá kan ni, wọ́n fi àwọ̀n bàbà bo ògiri, àjà àti ilẹ̀ rẹ̀, kí ìgbì ìta má wọlé, kí ti inú má jáde. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kàn án. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó fi ìwé hàn mí, ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò wà níbẹ̀. Ó lè da ìgbì rédíò lu ohunkóhun láti orí kékeré dé orí ńlá.

"Ṣùgbọ́n n kò ní òǹtẹ̀," ló wí. "Ìgbìmọ̀ yín kò mọ̀ mí. Ohun tí mo bá rí ni màá kọ. Bó bá burú, màá kọ ọ́ pé ó burú. Ẹ ronú sí i kí ẹ tó gbé e wá, mà."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Fẹ́búárì

Rájí kò gbà.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Ká gba ìwé. Ká wá fúnra wa tún wáyà náà ṣe. Ọgọ́ta tí a máa tà, gbogbo rẹ̀ á dára. Ta ló máa kú?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn ló mú kó le.

"Mary ńkọ́?"

Ó ń fi aṣọ nu irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n á pè é padà lọ́jọ́ kan."

"Wọn ò ní pè é. Bí ẹ̀rọ bá ti gba ìwé ẹ̀rí, òun ló jẹ̀bi nìyẹn."

"Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ni tíṣà. Èmi, tí wọ́n bá gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi pa ọmọ, ta ló máa tún gbé rédíò wá fún mi ní ìlú yìí? Wọ́n á ní ará Ọ̀ṣun ni, kó máa lọ."

Mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Fẹ́búárì

Kò sí ìpinnu. Mo máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ojú ọ̀run ṣú, òjò kò rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Fẹ́búárì

Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá Mary ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó ti dúró pẹ́, ìyá mi ní kó wọlé, kò wọlé. Ó fa bátìrì méjì yọ nínú ọ̀rá, ó nà án sí mi.

"Bátìrì àláàmù yín ni, mà. Àwọn tí ẹ ní kí n fi pamọ́ sí yàrá mi. Wọ́n ní kí n kó kúrò nínú ilé disípẹ́ńsárì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo tún jalè mọ́ ọn."

Mo gbà á. Mo ní ṣé ó ti jẹun. Ó ní ó ti jẹun. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó lọ sí ibùdókọ̀.

Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Dókítà Ọlájídé pé a ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án Máàṣì. N kò rò ó. Ọwọ́ mi kàn ń kọ ọ́ ni. Oyèlékè náà, mo kọ sí i, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 Fẹ́búárì

Mo sọ ọ́ fún Rájí. Ó tan rédíò oníbàárà kan sókè.

Ọjọ́bọ̀, 9 Máàṣì

Mo rò pé èmi nìkan ni màá lọ. Nígbà tí mo dé gáréèjì láàárọ̀, Rájí ti wà nínú mọ́tò, àláàmù wà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ wé e. "Wáyà tó wà ní Ìdó-Ilé gan-an ni mo tú wá," ló wí. "Bí a bá máa ṣe é, ká ṣe é dáadáa."

Dókítà ní ká to wáyà náà bó ṣe wà ní disípẹ́ńsárì. Ó kọ́kọ́ wọn ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Kò sí ariwo kankan. Bí òkúta ló rí. Ìwé Ìbàdàn ì bá dára gan-an.

Lẹ́yìn náà ló fi omi gbígbóná mú ibi tó ń mọ ooru gbóná. Àláàmù bẹ̀rẹ̀ sí dún. A jáde, ó ti ilẹ̀kùn, a ń gbọ́ ọ láti ibi àwọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí da ìgbì lù ú, ó ń yí i lọ díẹ̀díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ń dún. Ó ń dún. Mo ń ka àwọn ihò ara àwọ̀n.

Rájí ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Dókítà pa ìgbì náà. Àláàmù kò padà dún. Omi ṣì gbóná, bátìrì ṣì kún, kò sì dún. Nínú rẹ̀, swíìṣì kan wà tí ooru máa ń ṣí sí 'dún'. Ìgbì rédíò ti tì í padà sí 'dákẹ́', ibẹ̀ ló há sí. Bí rédíò àgọ́ yẹn bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí iná lọ, ó tán.

"Ṣé kí n tún un ṣe?" ni Dókítà bi wá.

"Ẹ tún un ṣe," ni Rájí wí.

Ìgbà méje ni a ṣe é, ìgbà méjèèje ló dákẹ́. Nígbà keje, Rájí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Lọ́sàn-án, Dókítà fi ohun tó yẹ ká ṣe hàn wá: wáyà tó ní ìbòrí, àti kapásítọ̀ mẹ́rin, ẹ̀yà kékeré tó ń dí ìgbì lọ́nà, ní ẹnu ibi tí wáyà ti wọ àpótí. Ó mú wọn jáde láti inú dúróò rẹ̀. Rájí dìde, ó gba irin, ó jó wọn mọ́ ọn níbẹ̀. A tún un dán wò, ó ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dákẹ́.

Kapásítọ̀ mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó owó búrẹ́dì kan.

Òjò àkọ́rọ̀ bá wa ní ọ̀nà Ìtawúrẹ́. Gbogbo èrò mọ́tò ní kó máa rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Máàṣì

Àkúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ka àbọ̀ Dókítà láti òkè délẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Mísìs Ọláníyì, ìwé yìí kò ní òǹtẹ̀. Láàbù yìí kò sí nínú àwọn tí a mọ̀. A ò lè lò ó láti fi dá nọ́ọ̀sì yẹn láre. Ẹ lọ sí Ìbàdàn, ẹ gba ìwé tó péye wá. Ìgbìmọ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ yín."

"Ìbàdàn kò lè béèrè ohun tó yẹ ká béèrè."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà ni."

Mo ní kó fún mi ní ìwé kan. Ó rò pé mo fẹ́ kọ àdírẹ́sì Oyèlékè ni. Mo kọ ọ́ pé èmi, Bọ́látitó Ọláníyì, ni mo ya àwòrán àláàmù náà. Pé kò lè dún níbi tí rédíò àgọ́ wà. Pé Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí kò gbọ́ ọ nítorí kò dún. Mo fọwọ́ sí i. N kò kọ orúkọ Rájí.

Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọgọ́ta yẹn ti lọ nìyẹn? Bóyá iṣẹ́ ìjọba yín náà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lè gbé e lọ sílé, kẹ́ ẹ fi òru kan rò ó."

Mo ní n kò ní gbé e lọ. Ó gbé òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé ó ti gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Máàṣì

Ọjọ́ Àjíǹde. Mo lọ, mo kọrin, mo dé.

Ọjọ́rú, 5 Épírì

Lẹ́tà dé. Mary padà sẹ́nu iṣẹ́, Ayétòrò ni wọ́n gbé e lọ. Wọn kò ra àláàmù mọ́. Wọn kò tíì sọ ohunkóhun nípa tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Épírì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá Rájí ní ṣọ́ọ̀bù, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ní ẹnì kan láti Àkúrẹ́ ti sọ ohun tí mo kọ fún òun. "Ẹ ò kọ orúkọ mi."

"N kò kọ ọ́."

"Ó yẹ kí ẹ bi mí." Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti sọ fún àwọn èèyàn níbí. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. Àwọn kan ti wá kó rédíò wọn lọ. Àwọn kan kò kó o."

Ó ṣí dúróò. Ó ti ra kapásítọ̀ àti wáyà tó tó àláàmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A bẹ̀rẹ̀ láti Erio, a kọjá sí Ẹ̀fọ̀n. A ṣe mẹ́ta kó tó lọ ṣínu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Épírì

Mo lọ sọ́dọ̀ Àbíkẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, abọ́ àti ike ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìdó-Ilé. Ọmọ rẹ̀ wà nínú mẹ́ta yẹn. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ó gbé àpótí fún mi jókòó. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo mú bébà jáde, mo ya fíríìjì, mo ya wáyà, mo ya òpó rédíò. Mo sọ ibi tí mo ti ṣì í. Mo ní bí mo bá ti bo wáyà náà ni, ọmọ náà ì bá gba oògùn tó dára. Ohùn mi kò yí padà. Ó ń to abọ́ láti orí kékeré dé ńlá, ó sì gbọ́ mi tán.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ló wí. "Àwọn ti Àkúrẹ́ kò wá."

Oníbàárà kan dúró, ó ra korobá kan, ó lọ.

"Tíṣà, láti ìgbà tí ẹ ti jókòó, 'ọmọ náà' ni ẹ̀ ń pè é. Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Adéfúnkẹ́ ni. Ọmọ ọdún kan àti oṣù méje. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló mọ bàtà í wọ̀, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wọ̀ ọ́. Ti òsì ló máa ń fi sí ọ̀tún. Bó bá ṣe wọ̀ ọ́ náà ló máa fi lọ." Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí bébà mi. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo nǹkan tó kù ti wà níbẹ̀."

Mo gbé bébà náà sórí orúnkún mi. Mo kọ A, mo kọ d. Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀, kò sì gbà kí n kọ èyí tó kù. Àbíkẹ́ gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá mi di etí bébà náà mú, títí tí mo fi kọ ọ́ tán.